Oorun Ọmọ Kì Í Ṣe Ọjà Inú Ìgò

  

Òwe kan wà tí tọmọdé tàgbà wa mọ̀: ọmọ tí ó ní kí ìyá òun má sùn, òun náà kò ní fojú kan oorun. Ẹni tí ń da ẹnìkejì láàmú ni a sábà máa ń pa á fún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti tọ́ ọmọ ọwọ́ rí yóò bá mi sọ pé òwe náà kò rí bẹ́ẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Ọmọ náà yóò ní kí ìyá òun má sùn, òun náà kò sì ní sùn lóru lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, tí ìyá rẹ̀ ń palẹ̀ ọjà mọ́, tí bàbá rẹ̀ ń sáré kí agogo ilé-ìwé má baà lù ú mọ́ ọ̀nà, nígbà náà ni òun yóò wá pa ojú dé, tí yóò máa hanrun bí ọba.

Ọ̀rọ̀ oorun ọmọ ọwọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín nìkan. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ojú ń tì mí láti sọ, ṣùgbọ́n bí mo bá fi í pamọ́, ta ni yóò fi mí kọ́gbọ́n?

Nígbà tí ìyàwó mi bí àkọ́bí wa, obìnrin, níhìn-ín ní Ọ̀fà, ìyá rẹ̀ wá bá wa wẹ ọmọ. Ní gbogbo ìgbà tí Màmá wà lọ́dọ̀ wa, èmi kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọmọ ń sunkún lóru. Bí ó bá ti ń múra àtiké, Màmá ti gbé e. Yóò pọ̀n ọ́n, yóò máa rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé, yóò sì máa kọrin jẹ́jẹ́. Ìgbà tí ogójì ọjọ́ pé, tí Màmá padà sí ilé rẹ̀, ni ojú mi tó là.

Bí ó bá ti di agogo mọ́kànlá alẹ́, ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí ké. Ó di agogo méjì òru kí ó tó dákẹ́. Ìyàwó mi ń múra àtipadà sí ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà Owódé. Èmi ní ìwé ìdánwò rẹpẹtẹ láti máàkì. Aládùúgbò kan ní ó ní ohun tí ọmọ náà ń rí. Òmíràn ní omi ọmú ìyá rẹ̀ kò tó o. Èmi, ọ̀mọ̀wé, mo ní n kò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ọ̀nà ọ̀làjú ni èmi yóò tọ̀. Ni mo bá gba ọ̀dọ̀ ẹnìkan tí ń ta oògùn lọ. Ó mú ìgò kékeré kan fún mi, oògùn ọ̀fìnkìn. Ó ní, "Tíṣà, ẹ fún un ní ìlàjì ṣíbí. Ọmọ á sùn, ẹ̀yin náà á sì sùn."

Mo fún un. Ìyàwó mi kò mọ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sùn ní òru ọjọ́ náà. Kí n má purọ́, oorun náà dùn.

Ní ìdájí, ọmú kún ìyàwó mi láyà títí ó fi ń dùn ún, ni ó bá jí. Ó ki ọmú bọ ọmọ lẹ́nu, ọmọ kò mu. Ó pè é, kò dáhùn. Ó ta á ní àtẹ́lẹsẹ̀, kò la ojú. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ bí aṣọ tí a sá sórí okùn, èémí rẹ̀ sì ń falẹ̀ bí ẹni pé ó ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó mí. Orí ọ̀kadà ni ilẹ̀ mọ́ bá wa. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì àgbà kan wò mí lójú, ó ní, "Bàbá ọmọ, kí ni ẹ fún un?" Ìyàwó mi dá a lóhùn pé a kò fún un ní nǹkan kan. Mo sorí kodò. Èmi tí mo ń bi ọmọ ọlọ́mọ ní ìbéèrè láti àárọ̀ dé ọ̀sán, ìbéèrè kan ṣoṣo yìí, ẹnu mi kò gbà á. Nígbà tí ó yá, mo yọ ìgò náà nínú àpò.

Ọlọ́run bá wa ṣe é. Ọjọ́ méjì ni a lò níbẹ̀ kí ọmọ tó padà bọ̀ sípò. Lónìí ó ti ń lọ sí ilé-ìwé, ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì náà sọ ohun kan fún mi tí n kò lè gbàgbé: oògùn ikọ́ àti oògùn ọ̀fìnkìn tí ń kun àgbàlagbà lóorun lè mú kí ọmọ ọwọ́ gbàgbé láti mí.

Kì í ṣe èmi nìkan ni ìgò ti tàn jẹ. Púpọ̀ nínú yín yóò rántí My Pikin. Oògùn olómi ni, tí a ń fún ọmọ tí ń hu eyín kí ara lè tù ú, kí ó lè sinmi. Ní ìparí ọdún 2008, àwọn ọmọ tí wọ́n mu ún bẹ̀rẹ̀ sí ṣàìsàn, wọn kò lè tọ̀ mọ́, kíndìnrín wọn sì bàjẹ́. Wọ́n rí i pé májèlé tí ń jẹ́ diethylene glycol ti wọ inú oògùn náà, irú èyí tí a ń bá nínú epo bíréèkì ọkọ̀. Kí ọ̀rọ̀ náà tó rọlẹ̀ ní 2009, ọmọ tí ó kú ti ju 80 lọ. Ní ọdún 2013, ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Èkó dá ẹ̀wọ̀n ọdún méje-méje fún méjì nínú òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí ní ọdún 1990, ní Ìbàdàn àti ní Jos. Ní 2022, májèlé kan náà tún pa nǹkan bí 70 ọmọ ní ilẹ̀ Gambia, inú oògùn ikọ́ tí ó ti India wá.

Òyìnbó pàápàá ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ rí. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1849, wọ́n ń ta oògùn kan tí ń jẹ́ Mrs. Winslow's Soothing Syrup fún àwọn ìyá tí ọmọ wọn kò jẹ́ kí wọ́n sùn. Morphine ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó sì sùn tí kò jí mọ́.

N kò sọ pé kí ẹ má fún ọmọ tí ń ṣàìsàn ní oògùn tí dókítà bá kọ fún un. Ohun tí mo ń sọ ni pé oorun kì í ṣe àìsàn, ẹkún òru kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ń ṣe ọmọ náà. Ikùn rẹ̀ kéré, kò lè gba oúnjẹ tí yóò gbé e di òwúrọ̀, nítorí náà yóò jí lẹ́yìn wákàtí méjì tàbí mẹ́ta láti mu ọmú. Ara rẹ̀ kò tíì mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2019 pé ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin nílò oorun wákàtí 14 sí 17 nínú wákàtí 24. Ó ń sùn ín lóòótọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni ó ń sùn ín, bí ẹni tí ń san àjẹsílẹ̀ gbèsè. Ẹkún rẹ̀ a sì máa le jù ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà. Bí ó bá fi di oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, yóò ti rọlẹ̀ púpọ̀. Ẹ wò ó, ọ̀sẹ̀ kẹfà gan-an ni Màmá fi wá sílẹ̀!

A tún ránṣẹ́ pè é. Kò bá mi jà. Ó kàn wí pé, "Ọkọ mi, ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín. Ọmọ kì í dá lọ sí oko oorun. Sísìn ni à ń sìn ín dé ibẹ̀." Ó fún un lọ́mú tán, ìyẹn ni pé ìyá rẹ̀ fún un, ó gbé e sí èjìká kí ó gùnfẹ̀, ó pọ̀n ọ́n, ó fi ọ̀já gbà á, ó rí i pé imú rẹ̀ kò fún mọ́ òun lẹ́yìn, ó wá ń rìn. Kò pẹ́ tí ọrùn ọmọ fi yẹ̀. Mo ní kí a tẹ́ ẹ sílẹ̀. Màmá ní, "Rárá o." Ó jókòó sórí àpótí, kò tú ọ̀já, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ nípa iye tí wọ́n ń ta ànàmọ́. Ìgbà tí ọwọ́ ọmọ jábọ́ pátápátá ni ó tó tú u, tí ó tẹ́ ẹ. Ọmọ kò mira.

Ẹ wá gbọ́ ìyanu. Ní 2022, Kumi Kuroda àti àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí RIKEN ní ilẹ̀ Japan fi ẹ̀rọ wọn lílù ọkàn àwọn ọmọ ọwọ́ 21. Wọ́n rí i pé kí a gbé ọmọ tí ń ké dání lójú kan kò tó; kí a gbé e máa rìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún ni ó ń mú un dákẹ́, tí oorun sì ń gbé òmíràn nínú wọn lọ. Wọ́n tún rí i pé bí a bá tẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó lè jí. Ṣùgbọ́n bí a bá jókòó pẹ̀lú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́jọ sí i, oorun náà yóò ti wọ̀ ọ́ lára. Ọwọ́ ni wọ́n fi gbé tiwọn, ẹ̀yìn ni a fi ń gbé tiwa, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni. Ohun tí ẹ̀rọ sọ ní Japan, Màmá ti fi ọ̀já mọ̀ ọ́n ní Ọ̀fà.

Síbẹ̀, ibì kan wà tí ọgbọ́n tuntun ti bá wa tún tàtijọ́ ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ́ ọmọ sùn:

Èkíní, ẹ jẹ́ kí ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kí ó kọjú sókè. Kí ó má dojú délẹ̀. Nígbà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí kéde èyí ní 1991, tí Amẹ́ríkà sì tẹ̀ lé e ní 1994, iye ọmọ tí ń kú sójú oorun láìṣàìsàn dín ju ìlàjì lọ. Ẹ̀rù pé ọmú tí ó bá pọ̀ yóò fún un lọ́rùn kò jẹ́ òtítọ́.

Èkejì, ibùsùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ rọ̀ jù. Ẹ má fi ìrọ̀rí sí i, ẹ má kó aṣọ jọ yí i ká, ẹ má sì gbé e sùn sórí àga tìmùtìmù.

Ẹ̀kẹta, kí ó wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú yín, lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn. Ẹni tí ó bá mu ọtí tàbí sìgá kò gbọdọ̀ sùn tì í.

Ẹ̀kẹrin, nígbà ọyẹ́, ẹ má gbé iná èédú wọ yàrá, ẹ má sì tan jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Èéfín tí kò ní òórùn wà nínú wọn tí ń pani sójú oorun.

Ẹkún mìíràn wà tí kì í ṣe ti oorun. Bí ara ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta bá gbóná, bí ó bá kọ ọmú, bí ó bá ń mí gúlegúle, bí ibi tí ó rọ̀ láàárín orí rẹ̀ bá wú sókè, ẹ má pọ̀n ọ́n rìn kiri ilé o; ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín ni ẹkún náà fẹ́ yí lórí, ẹ tẹ́ ọmọ sí ibi tí kò léwu, ẹ jáde síta, ẹ mí kanlẹ̀. Ẹ má ṣe gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì láé. Ọpọlọ rẹ̀ kò lè gbà á.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń fi ọmọ sílẹ̀ fún ọmọ ọ̀dọ̀ kí ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ kó gbogbo ìgò oògùn sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní tó. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ẹ bá rí ìyá ọmọ tí ń tògbé nídìí igbá, ẹ gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ fún wákàtí kan. Oore ńlá ni.

Ẹ̀yin bàbá ńkọ́? Nígbà tí Màmá padà lọ lẹ́ẹ̀kejì, èmi ni mo gba iṣẹ́ rẹ̀. Bí ìyàwó mi bá ti fún ọmọ lọ́mú ní agogo mẹ́sàn-án, ó lọ sùn. Ọmọ di tèmi títí di ọ̀gànjọ́. Mo so ọ̀já, mo ń rìn ní àgbàlá, àwọn aládùúgbò sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa ará Ọ̀fà ń fi ìjàkadì yangàn, ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà dá mi lulẹ̀ ní alẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Ní alẹ́ kẹrin, mo jókòó sórí àpótí Màmá, mo gbọ́ tí èémí rẹ̀ ń lọ geerege ní ẹ̀yìn mi, n kò sì fẹ́ dìde mọ́.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ìgò kan bá wà nínú ilé yín tí ẹ ń pa mọ́ nítorí ẹkún òru, ẹ lọ dà á nù kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí gbogbo wa sùn, kí ó sì jí wa ire.