Ta ló ń jẹ́ ìlàrí?

Lánàá, mo gbèjà ọba ìlú wa níbí, ẹnìkan bá dá mi lóhùn pé: "Ìlàrí lásán!" Ó fi bú mi ni o. Àwọn èèyàn sì ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́.

Láàfin Ọ̀yọ́ àtijọ́, ìlàrí ni Aláàfin máa ń rán níṣẹ́. Ìlà-orí: wọ́n á fá apá kan orí rẹ̀, wọ́n á dá apá kejì sí. Tó bá ti yọ lókèèrè, wọ́n ti mọ ibi tó ti ń bọ̀.

Orúkọ wọn gan-an ló dùn mọ́ mi jù. Orúkọ tí wọ́n bá fún ìlàrí, ohun tó wà lọ́kàn ọba ló ń sọ. Ẹ wo Màdáríkàn: kẹ́nikẹ́ni má ṣe forí gbárí pẹ̀lú rẹ̀. Báálẹ̀ tó jí tó bá ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ṣé ó tún kù kí wọ́n ka lẹ́tà fún un ni?

Àmọ́ ẹ má wá sọ ọ́ di áḿbásédọ̀ o. Ẹrú ọba ni púpọ̀ nínú wọn, wọn ò fọwọ́ ara wọn yan iṣẹ́ yẹn. Ẹrú tí olóyè ń bẹ̀rù! Èwo lẹ fẹ́ fi rọ́pò ìyẹn? Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ ìlàrí.

Èmi ò sì fárí. Ọba ò rán mi, dátà ara mi ni mo ná.

Màdáríkàn ṣì wà lára orúkọ ìdílé títí dòní. Ẹni tó bá tún mọ orúkọ ìlàrí mìíràn, kó kọ ọ́ sísàlẹ̀, mo fẹ́ kà á.