Kí A Tó Fi Agbára Kún Ọkọ̀ Àtijọ́

Láìpẹ́ yìí, ariwo ẹ́ńjìnnì kan fà wá wọ inú ọgbà mẹkáníìkì ní Kokompe, ní ìlú Accra. Mercedes-Benz 560 SEC ni a bá níbẹ̀, ọkọ̀ ọlọ́lá onílẹ̀kùn méjì, irú èyí tí àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní 1985 tí wọ́n sì dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 1991. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ni ín, ọmọ Yorùbá tí àwọn òbí rẹ̀ ń tajà ní Accra, fi ìdùnnú sọ fún wa pé òun fẹ́ kí wọ́n so turbo mọ́ ẹ́ńjìnnì náà, kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i. A bi í pé, “Àbúrò, táyà ńkọ́?” Ó dáhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n, tòkunbọ̀ ni wọ́n. Bí owó bá tún yọ, a ó pààrọ̀ wọn.” Ìdáhùn yìí ni ó mú wa gbé kálàmù lónìí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì wá gbọ́. Àwa kò sí nínú àwọn tí ń sọ pé kí a fi ọkọ̀ àtijọ́ sílẹ̀ bí ó ti wà. Ní 1967, ọkùnrin méjì, Hans Werner Aufrecht àti Erhard Melcher, dá ilé iṣẹ́ AMG sílẹ̀ nínú ọlọ àtijọ́ kan ní Jámánì. Wọ́n mú Mercedes 300 SEL 6.3 tí ó ní agbára ẹṣin 250, wọ́n fẹ inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, agbára náà sì ga ju 400 lọ. Ní 1971, ọkọ̀ wúwo yìí gba ipò kejì nínú eré ìje wákàtí 24 ní Spa, ní orílẹ̀-èdè Belgium. Bí iṣẹ́ ọwọ́ bá lè ti inú ọlọ àtijọ́ jáde kí ó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, kí ni ìdí tí a ó fi máa fojú tẹ́ḿbẹ́lú Kokompe?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí agbára jẹ́. Turbo a máa ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì, kí epo púpọ̀ lè jó. Nínú gbogbo agbára tí ó wà nínú epo bẹntiróòlù, bí ìdá kan nínú mẹ́ta, tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ni ó ń di ìrìn. Ooru ni ìyókù. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi agbára kún ẹ́ńjìnnì, ooru ni ó fi kún un pẹ̀lú. Ṣé rédíétọ̀ àti rọ́bà omi tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún yóò lè gba èyí, nínú oòrùn Accra? Ọ̀rọ̀ epo tún wà níbẹ̀. RON 91 ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń rà ní Ghana. Ẹ́ńjìnnì tí a fi turbo há mọ́ sábà máa ń bèèrè 95 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá fún un ní èyí tí kò tó, epo yóò máa gbiná kí àkókò rẹ̀ tó pé, yóò máa kan gbá-gbá nínú sílíńdà, títí písítìnì yóò fi lu.

Èyí tí ó burú jù ni ọ̀rọ̀ dídúró. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, jíjìn tí bíréèkì nílò láti dá ọkọ̀ dúró a di ìlọ́po mẹ́rin. Òfin ìrìnnà Ghana ti 2012 fi ààlà sí eré ní kìlómítà 50 ní wákàtí kan láàárín ìlú, àti 100 lórí Motorway. Ọ̀nà Motorway láti Accra dé Tema, tí ìjọba Nkrumah ṣí ní 1965, gùn tó kìlómítà 19, ó sì ti pẹ́ tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ti ń sáré kọjá lórí rẹ̀. Ìyá tí ó ru búrẹ́dì sórí kò mọ̀ pé agbára ọkọ̀ tí ń bọ̀ ti di ìlọ́po méjì, tí bíréèkì rẹ̀ sì jẹ́ ti 1987.

Wọn yóò sọ pé owó kò tó. Àwa náà mọ̀ pé owó ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n owó turbo ni ó wà lọ́wọ́ náà. Ọ̀nà tí a ó kọ́kọ́ ná an sí ni à ń jà lé lórí. Bíréèkì ni kí ó ṣíwájú, kí táyà tẹ̀ lé e, kí rédíétọ̀ ṣe ìkẹta. Agbára ni kí ó kẹ́yìn. Nọ́ḿbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn àmì DOT lára táyà ni ọjọ́ orí rẹ̀: 1218 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kejìlá ọdún 2018. Kí olúkúlùkù kà á kí ó tó sanwó ní Abossey Okai.

A bẹ àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì pé kí wọ́n kọ̀ láti so turbo mọ́ ọkọ̀ tí wọn kò tíì yẹ bíréèkì rẹ̀ wò. Bí ọmọ iṣẹ́ bá rí i pé ọ̀gá òun kọ owó nítorí ẹ̀mí ènìyàn, ẹ̀kọ́ tí kò ní gbàgbé ni. A sì rọ DVLA, tí ń yẹ ọkọ̀ wò, pé kí ọkọ̀ tí a ti pààrọ̀ agbára rẹ̀ má ṣe gba ìwé títí a ó fi dán an wò bí ó ti ń dúró.

Ní ti àbúrò wa ọlọ́kọ̀, a kò bínú sí i. Ọkọ̀ náà dára, ojú wa sì wọ̀ ọ́ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Kí ó ra táyà rẹ̀ ní oṣù yìí, kí ó ṣe bíréèkì ní oṣù tí ń bọ̀. Turbo kò ní sá lọ.