Níbo Ni Ọwọ́ Rẹ Wà Nínú Eré Náà?

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹ jẹ́ kí n fi àpótí eré kan bẹ̀rẹ̀. Pinball ni orúkọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà: ọta irin kékeré a máa yí gbirigbiri láàrin ìṣó lórí pátákó dídagẹ̀rẹ̀. Ohun méjì nínú àwọn ògbólógbòó rẹ̀ a máa ya ènìyàn lẹ́nu. Àwọn ti ìgbà ìṣáájú kò ní apá tí a fi ń gbá ọta padà. Bí a bá ti ta á, oríire ló kù. Àwọn mìíràn kì í sì í fún ẹni tó ta á dáadáa ní eré ọ̀fẹ́. Ọta kan ni wọ́n ń fi kún tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ ló wà nídìí rẹ̀. Ìlú New York fòfin de eré náà ní 1942. Ní 1947 ni ilé-iṣẹ́ Gottlieb gbé Humpty Dumpty jáde pẹ̀lú apá tí a fi ń gbá ọta. Níbi tí òfin sì ti ka eré ọ̀fẹ́ sí owó tẹ́tẹ́, wọ́n fi ọta àfikún rọ́pò rẹ̀. Ní 1976, Roger Sharpe sọ ibi tí ọta yóò gbà lójú àwọn aṣòfin New York, ó ta á, ó sì gba ibẹ̀. Wọ́n gbà pé ọgbọ́n ọwọ́ ni. Wọ́n tú òfin náà ká.

Oríta ńlá ni Òrè wa yìí. Ohun tó ń kọjá a máa yà sọ́dọ̀ wa. Kàlòkálò yà, ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù yà, fóònù sì ti kó gbogbo rẹ̀ sápò ọmọ. Nítorí èyí, àwọn òbí kan ka gbogbo eré sí ẹ̀ṣẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá da èyí tó ń kọ́ni pọ̀ mọ́ èyí tó ń jani lólè, báwo ni ọmọ yóò ṣe mọ ìyàtọ̀?

Ẹ wo ayò ọlọ́pọ́n: ojú 12, ọmọ ayò 48, kò sí èyí tó pamọ́. Ẹni tó pàdánù lè ka ibi tó ti ṣìnà. Lóòótọ́, a lè fowó ta ayò pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí olùkọ́ fi gbọ́dọ̀ wà nítòsí.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹ ra ọpọ́n ayò fún ilé-ẹ̀kọ́ wa lọ́dún àjọyọ̀ yìí. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó na ọmọ nítorí eré, ẹ bi í léèrè: “Níbo ni ọwọ́ rẹ wà nínú rẹ̀?” Bí kò bá rí èsì fọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń ta.