Ẹ Má Kánjú Gun Kilimanjaro

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Treichville, ní ìlú Abidjan, àwọn ọ̀dọ́ wa mẹ́rin gbé ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀ níwájú àwọn àgbà. Olùkọ́ ni ọ̀kan nínú wọn, oníṣòwò sì ni àwọn yòókù. Wọ́n ní àwọn ń múra láti gun òkè Kilimanjaro, ní ilẹ̀ Tansáníà, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà. Bàbá kan tí ó ti ń ṣòwò ní ìlú náà láti ìgbà èwe rẹ̀ wò wọ́n títí, ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ni ó sọnù fún yín lórí òkè?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà bá mi délé.

Lójú tèmi, ohun kan sọnù fún wa níbẹ̀ ní tòótọ́. Òkè oníná tí iná rẹ̀ ti sùn ni Kilimanjaro. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 5,895, kò sì sí òkè tí ó ga tó o ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tí Johannes Rebmann, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan láti Jámánì, ròyìn ní ọdún 1848 pé òun rí òjò dídì lórí rẹ̀, William Desborough Cooley ní Lọ́ńdọ́nù kọ̀ jálẹ̀ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Chagga tí ń dáko ní ẹsẹ̀ òkè náà ń wo funfun rẹ̀ ní ojoojúmọ́. Ní ọdún 1889 ni Hans Meyer àti Ludwig Purtscheller dé góńgó, Meyer sì fi orúkọ ọba Jámánì pe ibẹ̀. Ní òru tí Tanganyika gba òmìnira, ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1961, Alexander Nyirenda, ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun, gbé ògùṣọ̀ àti àsíá lọ sí góńgó náà. Uhuru ni a ń pè é lónìí, èyíinì ni Òmìnira.

Nítorí náà, ọmọ Áfíríkà tí ó bá fẹ́ dúró níbẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Olùkọ́ tí ó bá ti fi ọwọ́ kan yìnyín náà yóò fi ẹnu ẹlẹ́rìí kọ́ àwọn ọmọ. Àkókò pàápàá ń lọ. Láti ọdún 1912 sí 2011, yìnyín orí òkè náà dínkù ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ètò àwọn ọ̀dọ́ wa fínnífínní, ọkàn mi kò balẹ̀. Owó ọjọ́ márùn-ún péré ni wọ́n kó jọ, àlọ àti àbọ̀, nítorí pé owó ni ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí a bá fi kún un. Ibi tí n kò ti bá wọn rẹ́ nìyí. Etí ọ̀sà ni Abidjan wà. Lórí góńgó Uhuru, agbára afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí sínú kò ju nǹkan bí ìdajì ti etí òkun lọ, ara sì nílò ọjọ́ púpọ̀ láti kọ́ ọ. Orí fífọ́ àti èébì jẹ́ ìkìlọ̀. Bí ẹnìkan bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, tàbí tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ ní ìjókòó, kí a gbé e sọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣe òru. Agbára ọ̀dọ́ kò gbani níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò fi òkè Tonkoui lẹ́bàá ìlú Man dánra wò. Èyí dára fún ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n òkè tí kò ga tó mítà 1,500 kò lè kọ́ ẹ̀dọ̀fóró ní ohun tí ó ń bẹ lókè 5,000. "Pole pole" ni àwọn amọ̀nà ibẹ̀ máa ń wí, èyí tí ó jọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tiwa létí àti ní ìtumọ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti àwọn alábàárù. Òfin ọgbà ìjọba tí ó yí òkè náà ká ni pé ẹrù alábàárù kan kò gbọ́dọ̀ ju kílò 20 lọ. Síbẹ̀, ìrìn-àjò olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń jẹ́ èyí tí a gé kúrò nínú owó iṣẹ́, oúnjẹ àti aṣọ òtútù wọn. Nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun, ó máa ń dùn mí láti ka ìwé arìnrìn-àjò tí ó dárúkọ ẹṣin rẹ̀, tí kò dárúkọ ẹni tí ó ru ẹrù rẹ̀. Bí ọmọ Áfíríkà bá wá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ Áfíríkà, òmìnira wo ni a lọ bá lórí òkè?

Ìmọ̀ràn mi ni yìí. Oṣù kẹfà dára lóòótọ́, nítorí pé bí òjò ti ń rọ̀ gidigidi ní Abidjan, òjò gígùn ti Kilimanjaro ti dá. Òtútù òru nìkan ni kí ẹ múra sí. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ oṣù kẹfà ọdún tí ń bọ̀. Ẹ tún tọ́jú owó sí i, kí ó tó ti ọjọ́ méje tàbí mẹ́jọ. Ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ àti ìwé rẹ̀. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ béèrè iye tí alábàárù yóò gbà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.

Ìwọ olùkọ́ tí ó wà nínú wọn, nígbà tí o bá padà sí kíláàsì, kọ orúkọ àwọn alábàárù náà sójú pátákó kí o tó kọ tìrẹ. Èyí ni ohun tí ó sọnù fún wa lórí òkè, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ mú un wá.