Ṣé Pápá Kúkúrú Lè Mú Kí Gọ́ọ̀fù Wa Dára Sí I?

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ wa ní Plainfield àti agbègbè rẹ̀, yìnyín ti yọ́, koríko ti hù, àwọn ọmọ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wá lẹ́nu pé ká gbé àwọn jáde.

Lẹ́yìn ìpàdé wa tó kọjá, àbúrò kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ọmọbìnrin mi fẹ́ kọ́ gọ́ọ̀fù. Àwọn kan ní kí n mú un lọ sí pápá kúkúrú. Àwọn míì ní eré ọmọdé lásán nìyẹn, kò lè ràn án lọ́wọ́. Èwo ni kí n ṣe?” Mo rẹ́rìn-ín, torí pé ọ̀rọ̀ yìí ti ná èmi náà lówó, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba àárín èmi àti ọmọ mi jẹ́.

Kí n kọ́kọ́ là á yé ẹni tí kò bá mọ eré yìí. Igi la fi ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré títí tó fi máa wọ inú ihò. Ẹni tó bá gbá a níye ìgbà tó kéré jù ló borí. Pápá gígùn máa ń ní ihò 18, ó sì sábà máa ń ju 6,000 yáàdì lọ. Iye ìgbà tí wọ́n retí pé kí ọ̀jáfáfá gbá bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pè ní páà, 72 ló sì wọ́pọ̀. Ní pápá kúkúrú, páà ihò kọ̀ọ̀kan jẹ́ 3. Òmíràn nínú àwọn ihò náà ò ju 100 yáàdì lọ, ìyẹn gígùn pápá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà láti ibi góòlù kan dé ìkejì.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo mú ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 11, lọ sí pápá gígùn kan. Èmi gan-an ò tíì mọ̀ ọ́n gbá dáadáa, ojú ayé ni mò ń ṣe. Bọ́ọ̀lù ọmọ wọ igbó, ó wọ omi, ó tún wọ igbó. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa ń dúró, ojú ń tì mí, ni mo bá ń jágbe mọ́ ọmọ. Nígbà tí a dé ihò keje, ó jókòó sílẹ̀, ó ní, “Daddy, ẹ jọ̀ọ́, mi ò ṣe mọ́. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé.” Títí a fi dé Route 59, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò. Lálẹ́, ìyàwó mi ní, “Ta ló ń mú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn lọ síbi ìdíje eré sísá?” Mi ò rí èsì fọ̀.

Mo bẹ ọmọ. Lọ́sẹ̀ kejì, pápá kúkúrú la lọ, pẹ̀lú igi mẹ́ta péré. Kí sọ́mà tó parí, ọmọ ti ń nà mí.

Kí ló fà á? Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá mi ṣírò. Nínú páà, ìgbà 2 ni wọ́n kà fún rírọra ti bọ́ọ̀lù sínú ihò nígbà tó bá ti dé orí koríko rírẹ́ tí ihò wà. Ihò 18 lọ́nà 2 jẹ́ 36. Ìdajì 72 nìyẹn! Bẹ́ẹ̀, ibi tí a ti ń fi ìyà jẹ ara wa jù nìyẹn, níbi tó kù díẹ̀ ká dé. Pápá kúkúrú a máa mú ọmọ dé ibẹ̀ léraléra, láìsí pé ó kọ́kọ́ wá bọ́ọ̀lù nínú igbó.

Ẹ má pè é ní eré ọmọdé o. Tiger Woods, tó gba ife Western Open ní Cog Hill ní Lemont níhìn-ín lọ́dún 1997, 1999 àti 2003, orí pápá kúkúrú Heartwell ní Long Beach, California, ni Rudy Duran ti kọ́ ọ láti ọmọ ọdún 4. Charles Blair Macdonald náà, ihò kúkúrú 7 ló kọ́kọ́ gbẹ́ ní Lake Forest lọ́dún 1892. Lọ́dún yẹn náà ló ṣe ihò 9 ní ibi tí a mọ̀ sí Downers Grove lónìí, ó sì sọ ọ́ di 18 lọ́dún 1893, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Láti 2024 pàápàá, àwọn tó ń ṣòfin eré yìí ti gbà kí pápá ihò 18 tó gùn tó 1,500 yáàdì péré wọ inú ìṣirò tí wọ́n fi ń díwọ̀n agbára òṣèré. 3,000 ni tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ ni kí n sọ. Pápá kúkúrú nìkan ò tó. Igi ńlá tí wọ́n ń pè ní driver kì í sábà wúlò níbẹ̀. Ẹni tó bá fi gbogbo ayé rẹ̀ gbá ihò 100 yáàdì, ọjọ́ tó bá kan ihò 450 yáàdì, ojú ẹ̀ á là! Ní ìdíje Masters, láti 1960 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje pápá kúkúrú kí ti gidi tó bẹ̀rẹ̀. Títí di 2025, kò sí ẹni tó gba méjèèjì lọ́dún kan náà. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ wọn ń fi tàkọ́kọ́ ṣeré ni, ṣùgbọ́n ó yẹ ká fi ṣàríkọ́gbọ́n.

Nítorí náà, àbúrò, ohun tí màá ṣe rèé. Ẹ mú ọmọ lọ sí pápá kúkúrú lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóṣù. Ẹ ra garawa bọ́ọ̀lù kan fún un níbi tí wọ́n ti ń gbá a jìnnà, kó fi igi ńlá dánra wò. Ẹ kọ iye tó gbá sílẹ̀ láìyọ ìkankan, kí ẹ lè mọ̀ bó bá ń tẹ̀ síwájú. Nígbà tó bá ń gbá ihò páà 3 ní 4 tàbí 5 déédéé, ẹ gbé e lọ sí pápá gígùn, bíi Wedgewood wa ní Caton Farm Road, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ tí èrò ò pọ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ẹ má jágbe mọ́ ọn. Ihò 9 kúkúrú ò ju nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀ lọ. Àwa tí iṣẹ́ alẹ́ àti iṣẹ́ ọ̀sán kì í jẹ́ ká rí ọmọ wa, wákàtí kan ààbọ̀ tí bàbá àti ọmọ fi ń rìn, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe kékeré. À báà gúnyán nínú ewé, ká sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó.

Ó dìgbà kan ná o. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.