Ta Ló Sọ Pé Eré Ìdárayá Ń Pa Ìwé Ọmọbìnrin Lára?

"Ṣé bọ́ọ̀lù ni wọn yóò fi bi ọ́ léèrè nínú ìdánwò WAEC?" Ìbéèrè tí ìyá mi bi mí nìyẹn lọ́dún tó kọjá, ní ọ̀sẹ̀ tí mo wọ SS2, nígbà tí mo ń wá bàtà kánfáàsì mi káàkiri ilé. Wọ́n ti kó o pamọ́. N kò fèsì, nítorí ọmọ tí a kọ́ kì í gbó ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n èsì náà kò kúrò nínú mi. Mo fẹ́ fọ̀ ọ́ lónìí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Títí di ọdún yẹn, a ní pápá nẹ́ẹ̀tìbọ́ọ̀lù ní ilé ìwé wa. Òpó méjèèjì ṣì wà ní ìdúró. Òrùka irin orí ọ̀kan ti dípẹtà, ti ìkejì ti já. Àárín wọn ni wọ́n ń páàkì ọkọ̀ sí báyìí. Kò sí ẹni tó páàkì ọkọ̀ sí pápá bọ́ọ̀lù àwọn ọmọkùnrin. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, àwọn ọmọkùnrin kíláàsì àgbà a lọ sí pápá, àwa ọmọbìnrin a lọ jókòó sí ẹ̀kọ́ àfikún. Wọ́n ní ọjọ́ ọ̀la wa ni àwọn ń rò. Èmi náà ń rò ó. Ìdí nìyí tí mo fi wádìí nípa àwọn obìnrin tí wọ́n fi eré yìí ṣojú orílẹ̀-èdè wọn. Ohun tí mo rí yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ń sọ fún wa.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí Irene van Dyk. Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti bí i ní 1972. Ó ṣojú ilẹ̀ rẹ̀ nígbà 72, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ tó ṣe ipò kejì nínú ìdíje àgbáyé ní Birmingham ní 1995. Ní 2000, ó kó lọ sí New Zealand, ó sì ṣojú ibẹ̀ nígbà 145 kí ó tó fẹ̀yìn tì ní 2014. Ẹ ro ó pọ̀, ó jẹ́ 217. Ní Jàmáíkà ní 2003, wọ́n borí Ọsirélíà ní 49 sí 47, wọ́n sì gba ife àgbáyé. Nínú ìdíje Commonwealth ní Delhi ní 2010, àsìkò tán, kò sí ẹni tó borí. Wọ́n fi àsìkò kún un, wọ́n tún fi kún un, kí New Zealand tó fi 66 sí 64 na Ọsirélíà. Obìnrin kan náà yìí, olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Abiyamọ sì ni pẹ̀lú.

Ẹ tún wo Ama Agbeze. Birmingham ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Nàìjíríà ni orírun rẹ̀. Òun ni balógun ẹgbẹ́ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gba wúrà nínú ìdíje Commonwealth ní Gold Coast, ní Ọsirélíà, ní 2018. 52 sí 51 ni wọ́n fi borí, nígbà tí Helen Housby ju bọ́ọ̀lù sínú òrùka bí àsìkò ti ń tán lọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba irú wúrà bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú ọjọ́ náà. Kí ni Agbeze kà níwèé? Òfin ni. Agbẹjọ́rò ni. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tún gbólóhùn yẹn kà.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní, "Owó wo ló wà níbẹ̀?" N kò ní parọ́. Owó rẹ̀ kò tó ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àwọn ọkùnrin rárá. Wọn kò tíì ṣe é rí nínú ìdíje Òlíḿpíìkì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì àgbáyé ti tẹ́wọ́ gbà á láti 1995. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Nítorí pé owó rẹ̀ kò pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe é kò jẹ́ fi ìwé sílẹ̀. Wọ́n ń ti pápá lọ sí ibi iṣẹ́, wọ́n ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ sí pápá. Bí a bá fẹ́ kọ́ ọmọbìnrin bí a ṣe ń pín àsìkò láìjẹ́ kí nǹkan kan bà jẹ́, àwọn wọ̀nyí ló yẹ kí a fi hàn án.

Àwọn mìíràn yóò ní eré òyìnbó ni. Ṣé òyìnbó ni àwọn ará Malawi? Malawi kò tó Nàìjíríà ní ilẹ̀, kò tó o ní èrò, kò tó o ní owó. Síbẹ̀, ní Gold Coast kan náà ní 2018, Malawi na New Zealand ní 57 sí 53. Mwai Kumwenda, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù sínú òrùka fún wọn, ti Malawi dé Melbourne, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ Vixens tó gba ife ilẹ̀ Ọsirélíà ní 2020. Ìyá àgbà mi pàápàá ṣe eré yìí ní ilé ìwé àwọn obìnrin tí wọ́n lọ. Wọ́n ṣì rántí lẹ́tà tó wà láyà aṣọ wọn: C.

Ẹ wo òfin eré náà fúnra rẹ̀. Ènìyàn méje ló wà nínú ẹgbẹ́ kan. Bí bọ́ọ̀lù bá dé ọwọ́ rẹ, o kò gbọdọ̀ gbé e sáré, o kò sì gbọdọ̀ dì í mú ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ. O ní láti wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ, kí o pinnu, kí o sì jù ú sí wọn. Òrùka wà lókè ní mítà 3.05, kò sí pátákó lẹ́yìn rẹ̀, ẹni méjì péré nínú àwọn méje ni òfin sì gbà láyè láti ju bọ́ọ̀lù sínú rẹ̀. Èmi kò ga. Iṣẹ́ mi ni láti gbé bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ga. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: orí pápá yẹn ni òwe yìí ti yé mi, kì í ṣe nínú ìwé.

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. N kò ní kí gbogbo wa di van Dyk. Kí wọ́n kó ọkọ̀ kúrò. Kí wọ́n pe wẹ́dà kí ó jó òrùka méjèèjì padà. Kí wọ́n fún àwa ọmọbìnrin kíláàsì àgbà ní wákàtí kan ní Ọjọ́rú, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti fún àwọn ọmọkùnrin. Bí èsì ìdánwò wa bá tìtorí rẹ̀ lọ sílẹ̀ ní sáà kan, kí wọ́n gba pápá náà padà. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí wọ́n bá fi wọn èsì wa ni kí wọ́n fi wọn ti àwọn ọmọkùnrin.

Ìyá mi, òótọ́ lẹ sọ, wọn kò ní fi bọ́ọ̀lù bi mí nínú WAEC. Mo ti ń kàwé fún un, ẹ̀yin náà sì mọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, níbo lẹ kó bàtà mi sí?