Ọmọ ti yege BAC: ta ni yóò bá a yan ẹ̀kọ́?

Lọ́dọọdún, bí èsì BAC bá ti jáde, ariwo ayọ̀ á sọ ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Pọ́bẹ̀, títí dé Àjàṣẹ́. Wọ́n á da àtíkè sí ọmọ lára, ìyá á jó, bàbá á ra ohun mímu fún àwọn aládùúgbò. Ìdùnnú náà tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí ìbéèrè kan á fi délẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ilé kò múra sílẹ̀ fún: kí ni ọmọ yìí fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì, ibo ni yóò sì ti kọ́ ọ?

Ìjọba orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti ṣe ìkànnì kan tó ń jẹ́ apresmonbac.bj. Ibẹ̀ ni ọmọ tó yege ti ń wo àwọn ẹ̀kọ́ tó wà ní àwọn yunifásítì ìjọba, ibẹ̀ náà ló sì ti ń yan èyí tó fẹ́. Àwọn ẹ̀kọ́ kan wà tí àyè wọn kò pọ̀, bí ìmọ̀ ìṣègùn. Èsì ìdánwò ni wọ́n fi ń to àwọn ọmọ tẹ̀léra wọn níbẹ̀. Ipò tí ọmọ bá wà lórí ìwé yẹn ló lè sọ bóyá yóò rí owó ìrànwọ́ ìjọba tí a ń pè ní bourse, tàbí bóyá òbí ni yóò ru gbogbo ẹrù náà. Èmi kò bá ìkànnì yìí jà. Ó dára kí ọmọ tó wà ní Kútọnu àti èyí tó wà ní abúlé kan lẹ́bàá Idigny máa rí ohun kan náà.

Àmọ́ ìkànnì kì í ṣe olùdámọ̀ràn. Kò lè bi ọmọ pé iṣẹ́ wo ló mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ní kíláàsì, kò sì mọ̀ bóyá ẹbí rẹ̀ ní ibi tí yóò sùn sí ní Kálávì. Ní ọdún tó kọjá, mo jókòó nínú ilé ìtẹ̀wé kékeré kan tí wọ́n ti ń bá èèyàn wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọbìnrin kan wọlé, ó fi ìwé pélébé kan lé ẹni tó ni kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Orúkọ àwọn ẹ̀kọ́ tó fẹ́ yàn ló wà níbẹ̀. Mo bi í pé ta ló kọ wọ́n. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kan tó wà ní Kálávì ló kà wọ́n fún òun lórí fóònù. Mo ní kí ni wọ́n ń kọ́ nínú ti àkọ́kọ́ yìí? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: “Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ débẹ̀ ná.” Ẹni tó ni kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́, ó gba owó rẹ̀, ó pe ẹni tó kàn. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bóyá.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn BAC. Ẹ̀yìn BEPC ló ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọmọ bá ń wọ seconde, tí ó sì ní láti mú série. Ẹni tó mú A, èdè àti ìwé kíkà ni tirẹ̀. C jẹ́ ti ìṣirò àti físíìsì, D jẹ́ ti ìmọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí, B jẹ́ ti ọrọ̀ ajé. Ọmọ mìíràn á mú A nítorí pé olùkọ́ ìṣirò le, tàbí nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Tó bá di ọdún kẹta, tó bá ní òun fẹ́ di dókítà, ilẹ̀kùn ti tì. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé òun fúnra rẹ̀ ló ń tì í. Mo rò pé ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ìmọ̀ràn ti máa bẹ̀rẹ̀, ní CEG, kì í ṣe ní oṣù tí ìkànnì bá ṣí.

Àwọn òbí náà ní ìpín tiwọn. Tí ọmọ bá dárúkọ òfin tàbí ìṣègùn, inú wọn á dùn. Tó bá dárúkọ iṣẹ́ àgbẹ̀, bàbá á ní: “Ṣé kí o lè lọ roko ni mo ṣe ń san owó ilé-ìwé?” Bẹ́ẹ̀, Kétu gan-an ni Yunifásítì Ìjọba fún Iṣẹ́ Àgbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní UNA, ní ilé-ẹ̀kọ́ sí. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń fi ọkọ́ kọ́ èèyàn. Ẹran ọ̀sìn, igbó, ilẹ̀, bí a ṣe ń tọ́jú irè oko kí ó má bàjẹ́, ìmọ̀ ni gbogbo wọn. Yàtọ̀ sí Kálávì, Párákù wà, UNSTIM wà ní Abomey fún àwọn ọmọ tó fẹ́ràn ìṣirò àti iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ tó ní ẹbí ní Párákù lè rí ibùsùn ọ̀fẹ́ níbẹ̀, síbẹ̀ Kálávì nìkan ni wọ́n ń dá lé.

Bí ọmọ bá ti wọlé tán, ìṣòro kejì ń dúró dè é. Ní ọdún 2007, àjọ UEMOA pa á láṣẹ pé kí àwọn orílẹ̀-èdè rẹ̀, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà nínú wọn, máa lo ètò LMD. Sẹ̀mẹ́sítà mẹ́fà ló wà nínú licence, sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan ní kírẹ́dì 30, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 180. Ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní UE, ní iye kírẹ́dì tirẹ̀. Ọmọ tó ti lísẹ́ dé rò pé tí àròpọ̀ gbogbo èsì òun bá ti dára, ó ti parí. Kò mọ̀ pé UE kan tí òun kò rí gbà lè máa tẹ̀ lé òun bí gbèsè. Òmíràn wà ní ọdún kẹta, UE ọdún kìíní ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ìdánwò méjèèjì sì lè bọ́ sí ọjọ́ kan náà. Ọjọ́ tí wọ́n lẹ èsì mọ́ ògiri ni ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ lóye ètò yìí.

Àwọn àgbà ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ọ̀dọ̀ ta ni kí ọmọ yẹn béèrè? Ní àwọn faculté ńlá, bíi ti òfin tàbí ti ọrọ̀ ajé ní Kálávì, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ló ń jókòó pọ̀ nínú amphi. Olùkọ́ kò mọ orúkọ wọn, kò sì sí bó ṣe lè mọ̀ ọ́n. Ẹnu ọ̀nà sẹkitéríà kún fọ́fọ́, ẹni tó sì wà níbẹ̀, ìwé ló wà fún, kì í ṣe ìmọ̀ràn.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀ jù. Kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan fún àwọn ọmọ ọdún kìíní, kí wọ́n lẹ orúkọ rẹ̀ àti wákàtí rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Kí ó rí wọn kí wọ́n tó forúkọ sílẹ̀, kí ó sì tún rí àwọn tó ní UE tó kù lẹ́yìn sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́, nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì ṣeé tún ṣe. Wọ́n á ní olùkọ́ kò tó. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ master wà, wọ́n mọ ibi tí kòtò wà nítorí pé àwọn náà ti gba ibẹ̀ kọjá. Tí wọ́n bá fún wọn ní owó díẹ̀ lóṣù àti yàrá kan pẹ̀lú àga méjì, wọ́n á ṣe é. Ìyẹn wúlò fún mi ju kí wọ́n tún ná owó lórí ìkànnì tuntun.

Ní ìlú tiwa, a kò ní láti dúró de Kútọnu. Àwọn ọmọ wa tó wà ní yunifásítì máa ń wálé fún ìsinmi ńlá. Àwọn rédíò tó ń sọ̀rọ̀ ní Nàgó wà. Tí wọ́n bá lè fi wákàtí kan sílẹ̀ fún àròyé lórí eré bọ́ọ̀lù, wọ́n lè fi ìdajì rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ ìṣègùn kan, ọmọ iṣẹ́ àgbẹ̀ kan àti ọmọ òfin kan, kí àwọn òbí gbọ́ ọ ní èdè tí wọ́n gbọ́. Kíláàsì CEG sì ṣófo lákòókò yẹn. Ọ̀gá CEG tó bá fẹ́ ṣí kíláàsì kan ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan fún irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, kí ìkànnì tó ṣí lọ́dún yìí, kí ó kọ̀wé sí wa. A ó kéde ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀ ní ojú ewé yìí, a kò ní gba owó.